Báwo ni ìyàwó ilé ṣe máa sọ fún àgbà pé kí wọ́n bọ́ bàtà?

Ìyàwó ilé kan, Ìbàdàn:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọ̀rọ̀ yìí tó di ìjà ẹbí.

Apá ibi tí ọ̀dà ò tíì dé ojú títì là ń gbé. Lásìkò òjò, ẹrẹ̀ ni títí dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku pupa ni. Ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì bà nílẹ̀, ẹnu ló ń kó o sí. Èmi àti ọkọ mi wá fẹnu kò pé bàtà ìta ò gbọdọ̀ wọ pálọ̀ mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ò bá wa jiyàn. Àwọn ọmọ àdúgbò pàápàá ti mọ̀, wọ́n á ti bọ́ tiwọn kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi lọ̀rọ̀ ti dojú rú. Bàbá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ló tọ́ ọkọ mi lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, àwọn ló san owó ilé ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n máa ń yà kí wa, bàtà dúdú olókùn tí wọ́n wọ̀ ni wọ́n á sì fi gun orí rọ́ọ̀gì tí ọmọ ń ṣeré lé. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbẹ̀yìn, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa bọ́ bàtà síbí nítorí ọmọ." Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ilé ọmọ mi ti di mọ́ṣáláṣí ni?" Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n mu omi díẹ̀, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ, wọ́n lọ. Nígbà tó dalẹ́, àbúrò wọn obìnrin pè mí lórí fóònù pé ìwà òyìnbó ti wọ̀ mí lẹ́wù, pé mo dá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ rẹ̀.

Ọkọ mi ní ká fi sílẹ̀ títí ọmọ á fi máa rìn. Mi ò gbà, nítorí ọmọ tó ń rìn náà ń jókòó sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, Bàbá Àgbà àti àwọn àgbà méjì mìíràn ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ ìdána àbúrò ọkọ mi nílé wa. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá ìkókó kan, Òṣogbo:

Má jẹ́ kí wọ́n yí ẹ lọ́kàn padà o. Kọ ọ́ gàdàgbà sára ìlẹ̀kùn: Ẹ BỌ́ BÀTÀ YÍN SÍBÍ. Ẹni tó bá mọ̀wé á kà á.

Ìyá àgbà kan, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ìwé ara ìlẹ̀kùn dára fún àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹni tó tọ́ ọkọ rẹ dàgbà, a kì í fi ìwé kí i káàbọ̀.

Ọmọ mi, o ò sọ̀rọ̀ burúkú, o sì kúnlẹ̀. Ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde ló dá wàhálà sílẹ̀. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nílé ló ń pè ní ọkọ, títí dórí ọmọdé. Bí òfin ilé bá wá ti ẹnu ìyàwó bọ́ sí etí àgbà ẹbí, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé àwọn ti di àjèjì lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Bí ọmọ wọn fúnra rẹ̀ bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ìtọ́jú ilé ni wọ́n á pè é. Ó lè má tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n ọmọ lò ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹjọ́ lò ń rò. Ọkọ rẹ niṣẹ́ yìí já lé léjìká, kò sì yẹ kó máa sọ pé ká fi sílẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ kó ṣe é nìyí. Kó má dúró dè wọ́n nínú ilé. Kó jáde lọ pàdé wọn nídìí ọkọ̀, kó dọ̀bálẹ̀, kó gba Bíbélì àti báàgì lọ́wọ́ wọn. Kó ti gbé àga tó ní apá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n jókòó díẹ̀, kí wọ́n mu omi tútù. Níbi tí wọ́n jókòó sí yẹn, kó bẹ̀rẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn bàtà náà, kó fi sálúbàtà tuntun sí wọn lẹ́sẹ̀: "Ẹ jẹ́ kẹ́sẹ̀ yín sinmi, Bàbá." Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tú bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ò ní sọ pé wọ́n dá òun dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Bàbá kan, Ìlọrin:

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò wọn obìnrin yẹn pé bàtà bíbọ́ kì í ṣe ìwà òyìnbó. Ọ̀pọ̀ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló ń wọ bàtà káàkiri inú ilé wọn. Àwọn ará Japan àti Tọ́kì kì í fi bàtà ìta wọlé, òyìnbó kọ́ ló sì kọ́ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Bí a bá fẹ́ dé iwájú ọba, a ó ṣí fìlà, a ó bọ́ bàtà, ká tó dọ̀bálẹ̀.

Nínú agboolé tí mo dàgbà sí nílùú Ìlọrin, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀ rí. Orí ẹní àti rọ́ọ̀gì pálọ̀ yẹn la ti ń kírun. Ilẹ̀ tí a ń fi iwájú orí kàn, a kì í fi bàtà tó ti tẹ omi gọ́tà àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ gùn ún. Kí àlejò tó sọ sàláámù tán, á ti yọ bàtà.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí bàtà àlejò wà ní ìta gbangba. Ẹni tó bá ti kírun Jímọ̀ tán rí, tó jáde tí kò bá bàtà rẹ̀ mọ́, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Òjò wà, ajá náà wà. Ẹ wá pẹpẹ kékeré kan sábẹ́ òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ọkàn àlejò máa ń balẹ̀ bó bá ń rí bàtà rẹ̀ níbi tó jókòó sí.

Ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ kan, Èkó:

Bàbá Ìlọrin, ẹ ṣé. Nínú Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Oschoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo lọ́dún 1947, a kì í wọ bàtà bí a bá ti wọ sùtánà, ì báà jẹ́ lójú títì. Ẹ́kísódù orí 3 ẹsẹ 5, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí Mósè bọ́ bàtà rẹ̀, Bàbá Àgbà tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyàwó, má kà á sí wọn létí o. Ìyẹn á tún dá kún ìbínú wọn.

Nọ́ọ̀sì kan, Abẹ́òkúta:

Ìyá ọmọ yìí ò ṣe àṣejù. Ẹyin aràn máa ń wà nínú ilẹ̀ tí ènìyàn tàbí ajá ti yàgbẹ́ sí, ojú ò lè rí i, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà sì lè gbé e wọlé. Ọmọ tó ń rákò á fọwọ́ kó o, á fi sẹ́nu. Ẹ fi ti eruku kún un.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ pé kí àgbà kankan wà lẹ́sẹ̀ lásán, ẹ wádìí ìlera rẹ̀. Àtọ̀gbẹ lè mú kí ẹsẹ̀ má mọ nǹkan lára mọ́. Ìṣó tàbí èékú ìgò á gún un, kò ní mọ̀, egbò náà á sì pẹ́ kó tó jinná. Elòmíràn ti tibẹ̀ pàdánù ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún àwọn tó ní in pé kí wọ́n má rìn láìwọ nǹkan sẹ́sẹ̀, kódà nínú yàrá tiwọn. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan náà ò dára lórí táìsì, ó ń yọ̀, àgbà tó bá sì ṣubú lè dá egungun ìbàdí. Sálúbàtà tí ẹ máa rà, kó fẹ̀, kó ní okùn lẹ́yìn, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má dán. Bó bá jẹ́ bàtà tí dókítà ní kó máa wọ̀ ni, ẹ fi sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù àti ọṣẹ nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ sì gbé ọmọ kúrò nílẹ̀. Kò sí rọ́ọ̀gì tó tó ẹsẹ̀ èèyàn.

Ìyàwó ilé, Ìbàdàn:

Mo dúpẹ́ o. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí wọ̀ mí lára. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa pé Bàbá ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ṣúgà sí tíì mọ́. Orúnkún máa ń dùn wọ́n, ògiri ni wọ́n ń dì mú bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn wa. Ọkọ mi ní òun á bi wọ́n léèrè fúnra òun.

Bàbá kan, Ṣúrùlérè:

Èmi ò fara mọ́ gbogbo èyí. Àlejò ju rọ́ọ̀gì lọ. Àwọn tó ń bọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìdána á ti múra láti orí dé ẹsẹ̀, bàtà sì wà lára ìmúra. Ẹni tó wọ agbádá tí ẹ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ ti dín iyì rẹ̀ kù níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ti là, ìbọ̀sẹ̀ ẹlòmíràn ti ya, ẹ ti dójú tì í kó tó jókòó. Lọ́jọ́ Sátidé, ká rọ́ọ̀gì yẹn, gbé ọmọ lọ sí yàrá, jẹ́ kí wọ́n wọlé bí wọ́n ṣe wà. Bí wọ́n bá lọ tán, fi omi àti Izal nu ilẹ̀.

Ìyá àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ní ti ọjọ́ Sátidé nìkan, òótọ́ lo sọ. Àwọn àgbà méjì yẹn ò mọ òfin ilé náà, ìdána ni wọ́n bá wá, kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ bàtà ṣáájú rẹ̀. Ní ti ọjọ́ Ìsinmi tí Bàbá nìkan máa ń yà, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹni tó ń wá léraléra, á mọ bí ilé ṣe rí, á sì mọ́ ọn lára.

Ìyá kan, Chicago:

Níbí, nígbà yìnyín, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì, ó sì ń ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Kò sẹ́ni tí ń bínú pé wọ́n ní kí òun bọ́ bàtà. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo máa ń sọ ọ́ kí àlejò tó kúrò nílé rẹ̀: "Nílé wa, a kì í wọ bàtà ìta, ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ dání o." Ẹni tó ti gbọ́ ṣáájú á wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́, á sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó jáde. Bó bá jẹ́ ìsọmọlórúkọ, tí àwọn èèyàn ti wọ aṣọ ẹbí àti bàtà gogoro, mo máa ń yọ òfin yẹn kúrò lọ́jọ́ náà. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà.

Púlọ́ńbà kan, Ìbàdàn:

Ẹ má gbàgbé àwa oníṣẹ́ ọwọ́. Bàtà iṣẹ́ ń dáàbò bo ẹsẹ̀ wa lọ́wọ́ páìpù àti irin, bí a bá bọ́ ọ, tó sì já lé wa lẹ́sẹ̀, ta ló máa san owó ọsibítù? Ẹ tẹ́ aṣọ àlòkù tàbí ọ̀rá láti ẹnu ọ̀nà dé ibi iṣẹ́, orí rẹ̀ la máa gbà.

Ìyàwó ilé, Ìbàdàn:

A ti jọ jókòó sọ ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó ká rọ́ọ̀gì, àbúrò mi á mú ọmọ lọ sílé rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ bàtà. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi á máa dúró de Bàbá níta. Mo ti ra sálúbàtà olókùn ẹ̀yìn, àga alápá sì ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀ lórí oúnjẹ tí wọn ò jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ má dúró de Sátidé. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ìwọ àti ọkọ rẹ gbé ọmọ lọ kí wọn nílé. Se oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn dání, má sì fi ṣúgà tàbí iyọ̀ tó pọ̀ sí i. Kúnlẹ̀, gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀, kí ọkọ rẹ ló bá wọn sọ̀rọ̀. Bí àwọn fúnra wọn bá dá ọ̀rọ̀ bàtà sílẹ̀, sọ pé, "Ẹ má bínú, Bàbá, nítorí ọmọ yín ni." Bí wọn ò bá dá a sílẹ̀, ìwọ náà má dá a sílẹ̀.

Ìyàwó ilé, Ìbàdàn:

Ọjọ́rú la máa lọ, mà. Ẹ̀fọ́ rírò àti àmàlà ni wọ́n fẹ́ràn.