Ṣẹ́ẹ̀tì òkìrìkà méjì àti yáàdì àdìrẹ kan àbọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó gé e

Ọmọ Àgbàdo:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará, ẹ sì kú iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbójú fò mí dá.

Ní Sátidé tó kọjá, mo tètè jí lọ sí ọjà òkìrìkà Katangówà kí èrò tó pọ̀, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já bélì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣà, ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mo sì rí ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin funfun méjì alápá gígùn, #1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tó ki, tó tutù lára ni, kò sì lu níbì kankan. Ọ̀kan jẹ́ XXL, ó fẹ̀ lára mi bí àgbádá. Èkejì kéré sí i, àmọ́ kọ́là rẹ̀ ti họ níbi tó ti ṣẹ́. Ohun mìíràn ni pé funfun wọn ò dọ́gba: ọ̀kan funfun bí ẹfun, èkejì rí bí omi ògì.

Mo fẹ́ fi méjèèjì rán gáùn kan ṣoṣo, kó ní bọ́tìnnì láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, kó sì kọjá orúnkún. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ gboyè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, èmi ni mo sì san owó ilé ìwé rẹ̀ láti ọdún kejì. Mo fẹ́ dúró tì í nínú fọ́tò pẹ̀lú aṣọ tí ẹlòmíì ò ní. Àdìrẹ yáàdì kan àbọ̀ tí mo rà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ṣì wà nínú àpótí mi.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ní oṣù Kejìlá, mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì òkìrìkà kan àti ańkárá pupa fún télọ̀ kan nítòsí wa. Ó kọ́kọ́ ní òun kì í rán òkìrìkà, nígbà tó yá ó gba owó, ó sì rán an dáadáa lóòótọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọ̀ ọ́, ańkárá sunkì, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì jọ bí ojú ẹni tó jẹ ewúro, pupa rẹ̀ sì ṣí, ó ran gbogbo funfun. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. N kò lè sọ ọ́ nù, ó ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ rán an. Mo kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́wàá kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, máṣíìnì ọlọ́wọ́ tí màmá mi lò sì wà nílé. Mo lè rán ojú gbọọrọ. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé síkẹ́ẹ̀tì náà á gùn tó? Kí ni kí n ṣe sí funfun méjèèjì tí kò bára mu? Ṣé ọ̀nà wà tí èyí tó bà jẹ́ yẹn lè gbà wúlò?

Ìyá Ìbejì, Sángo:
Omi gbígbóná, ọṣẹ, iyọ̀ díẹ̀, kó o rẹ ẹ́ mọ́jú, kó o sá a sóòrùn gan-an, kó o fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná lọ̀ ọ́ tinú tòde. Kí aṣọ náà tó kan ara rẹ o. Ọmọ mi kan wọ òkìrìkà láìfọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń họra.

Bàbá Télọ̀, Ìbàdàn:
Ọmọ mi, ó dáa tó o béèrè kó o tó gé e. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, n kò sì mọ ìdí tí télọ̀ á fi sọ pé òun kì í rán òkìrìkà. Aṣọ ni aṣọ.

Fa fọ́nrán díẹ̀ yọ lára aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ní etí tó wà nínú ojú rírán, kì í ṣe okùn tí wọ́n fi rán an o, kó o ṣáná sí i lórí abọ́. Bó bá jẹ́ òwú gidi, á rùn bí ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì kúnná bí o bá fọwọ́ rá a. Bó bá jẹ́ pólíẹ́sítà, á yọ́, á di kóró dúdú líle. Òwú lè sunkì, pólíẹ́sítà kì í fi bẹ́ẹ̀ sunkì. Tí o bá so méjèèjì pọ̀ láìfọ̀ wọ́n, ìjà ni wọ́n máa bá ara wọn jà lọ́jọ́ tí omi bá kàn wọ́n. Ohun tó ba ti oṣù Kejìlá jẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, fọ àdìrẹ rẹ lọ́tọ̀, kó o máa da omi rẹ̀ nù títí á fi mọ́, kó o tó gbé téèpù.

Ó yá, síkẹ́ẹ̀tì. Dé gbogbo bọ́tìnnì XXL, tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kó o fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti abẹ́ apá kan dé èkejì. Gé e níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ tó jábọ́ yẹn ni síkẹ́ẹ̀tì rẹ: bọ́tìnnì ti wà níwájú, ojú bọ́tìnnì ti wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó nira jù ti kúrò nílẹ̀. Àmọ́ etí ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin máa ń rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wà á ní láti gé e gún. Nígbà tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ tán, bóyá íńṣì 18 ló máa kù lóòró, kò sì lè dé orúnkún. Àdìrẹ ló máa gbà ọ́ níbẹ̀.

Yáàdì kan àbọ̀ jẹ́ íńṣì 54. Gé àdìrẹ náà ní òòró, má gé e ní ìbú o, fífẹ̀ íńṣì 10, kó o rán an mọ́ etí ìsàlẹ̀. Wọn etí síkẹ́ẹ̀tì yípo. Ká ní ó jẹ́ 52, íńṣì kan á kù ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan á kù ní ọwọ́ òsì, èyí tó o máa ṣẹ́ sínú níwájú. Ó ṣe déédéé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó o bá ti fọ̀ ọ́ ni kó o tún un wọ̀n. Bó bá sunkì, má fi ipá fà á. Ṣe é ní ègé méjì, kí ibi tó ti pàdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣẹ́ẹ̀tì kejì ni ẹ̀wù òkè. Gé e ní ìbàdí, kó o fi íńṣì kan sílẹ̀ fún rírán. Rán òwú gbọọrọgbọọrọ méjì sí òkè síkẹ́ẹ̀tì, kó o fà á jọ títí á fi bá ìbàdí ẹ̀wù òkè mu. Nítorí pé ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ni méjèèjì, ọwọ́ kan náà ni bọ́tìnnì wọn ń kọjú sí. Wọn àlàfo tó wà láàárín bọ́tìnnì kan sí èkejì, kí ojú rírán ìbàdí bọ́ sáàárín bọ́tìnnì méjì. Bí bọ́tìnnì bá bọ́ lé e lórí, ibẹ̀ á máa là nígbàkigbà tó o bá jókòó.

Kọ́là tó họ kò le rárá. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín rẹ̀, fi bíléèdì tú u kúrò lára ọ̀já tó gbé e dúró, yí i kí ẹ̀yìn rẹ̀ wá síta, kó o dá a padà sí ojú àmì rẹ. Ibi tó họ á wà lábẹ́, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ọ̀gá mi máa ń ṣe é fún àwọn olùkọ́ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì kan á sì tún lo ọdún méjì sí i.

Ní ti funfun tí kò dọ́gba, ibi tí wọ́n bá ti kan ara wọn nìkan ni ojú ti ń rí i. Fi àdìrẹ fífẹ̀ íńṣì méjì sí ìbàdí láàárín wọn. Tàn án.

Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn:
Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Inú mi kì í dùn tí mo bá ń gbọ́ òkìrìkà. Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù kò fọwọ́ sí kíkó àlòkù aṣọ wọ Nàìjíríà, síbẹ̀ ó kún gbogbo ọjà. Àwa tí à ń jókòó sídìí òfì láti àárọ̀, ta ló máa ra tiwa?

Ìyàwó Kòtónù:
Bùọ̀dá, mo gbọ́ yín, òótọ́ lẹ sì sọ. Níbí, ní ọjà Missèbo, mo máa ń rí bélì tí wọ́n tò bí ògiri, mo sì mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń dúró sí Kòtónù. Àmọ́ olùkọ́ tó ń fi owó oṣù rẹ̀ rán àbúrò rẹ̀ nílé ìwé kọ́ ló gbé e wọlé. Èyí tó tún lò yẹn, ó kéré tán, kò ní di ààtàn.

Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn:
Òun kọ́ ni mò ń bá wí. Àbúrò mi, wá ọ̀já aṣọ òkè kan ṣoṣo, èyí tí wọn ò tíì rán pọ̀ mọ́ òmíràn. Bó ṣe wá látorí òfì, etí méjèèjì ti dì fúnra rẹ̀, kò ní tú, kò sì ní í nílò ṣíṣẹ́. Fi ìyẹn sí ìbàdí dípò àdìrẹ. Etù, aṣọ òkè aláwọ̀ aró, bá funfun mu gan-an.

Bàbá Télọ̀, Ìbàdàn:
Ọ̀rọ̀ Ahunṣọ dára, àmọ́ mo fẹ́ ṣàfikún. Aṣọ òkè wúwo ju ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Tó o bá rán an mọ́ ibi tó o ti fà jọ, ìbàdí á ki, á sì rẹlẹ̀. Jẹ́ kí àdìrẹ wà ní ojú rírán, kó o wá fi etù ṣe bẹ́líìtì tó o lè tú kúrò nígbà tó o bá fẹ́ fọ̀ ọ́.

Ọmọ Ìtòkú:
Èyí tí pupa ràn yẹn ni mo ń bá bọ̀. Tú ańkárá kúrò lára rẹ̀, kó o gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà fún aláró. Tó bá jẹ́ òwú ni, kí ó rì í tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí ó máa sá a sáfẹ́fẹ́ láàárín, torí tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, pupa yẹn á ṣì máa yọjú. Tó o bá lè tẹ̀ lé e débẹ̀, lọ wò ó. Bí wọ́n bá fà á jáde nínú aró, á rí bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ á wá máa sọ ọ́ di búlúù díẹ̀díẹ̀ níṣojú rẹ. Inú ilé aró ni wọ́n bí mi sí, mo sì ṣì máa ń dúró wò ó.

Ohun kan wà tó o gbọ́dọ̀ mọ̀. Òwú tí wọ́n fi rán irú ṣẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pólíẹ́sítà, aró kì í mú un. Aṣọ á dú, ojú rírán á sì funfun yí kọ́là, káfù àti àpò ká. Àwọn kan máa ń rò pé ó bà jẹ́. Lójú tèmi, àfi bíi pé ẹnì kan fi ìyẹ́ adìyẹ ya ìlà sí i bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ.

Àǹtí Peckham:
Àbúrò mi, yẹ inú ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì wò, lára ibi tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ sí. Wọ́n máa ń rán bọ́tìnnì kan tàbí méjì tó ṣẹ́kù mọ́ ibẹ̀. Yọ ọ́ kó o tó gé e. Èmi náà máa ń ra ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ní àwọn ṣọ́ọ̀bù àlòkù tó wà níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, bọ́tìnnì tó bára mu ló máa ń fún mi níṣòro jù.

Ọmọ Àgbàdo:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣe é débì kan, mo ní kí n wá jábọ̀.

Òwú ni ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì, wọ́n jó bí ìwé. Mo fọ àdìrẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí omi rẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó gbẹ, íńṣì 52 àti díẹ̀ ló kù nínú 54. Bàbá, tí mo bá ti rán an bẹ́ẹ̀ láìfọ̀, ẹkún ni n bá tún sun. Ègé méjì ni mo ṣe é, ibi tó ti pàdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, mo sì gbìyànjú kí àwòrán rẹ̀ bára mu, àmọ́ kò bára mu tán. Bọ́tìnnì méjì wà nínú ìsàlẹ̀ XXL lóòótọ́, Àǹtí mi, mo ti fi ọ̀kan sí ìbàdí.

Kọ́là gbà mí ní ọjọ́ kan gbáko. Ìgbà méjì ni mo tú u, torí ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní báyìí tó ti dúró, mo máa ń lọ fọwọ́ kàn án lára ògiri tí mo gbé e kọ́ sí. Ahunṣọ, ọmọ Ìṣẹ́yìn kan wà tí à ń kọ́ni pọ̀, ó ti ní òun á bá mi mú ọ̀já etù kan bọ̀ láti ilé.

Apá ló kù. Mo ti gé ejìká wọlé ní íńṣì kan àbọ̀ lọ́tùn-ún lósì, apá ṣẹ́ẹ̀tì náà sì ti wá fẹ̀ ju ihò rẹ̀ lọ. Ṣé kí n fà á jọ lókè ni?

Bàbá Télọ̀, Ìbàdàn:
Má fà á jọ, á wú sókè bíi ti ọmọdé. So apá mọ́ ejìká kọ́kọ́, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ṣì là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, yí i sódì, kó o rán an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti káfù gba abẹ́ apá lọ dé ìbàdí, kó o máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Abẹ́ apá ni àṣẹ́kù á lọ. Fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ kàn án ná, wọ̀ ọ́, gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan sójú pátákó. Bí kò bá fà ọ́, gbé e lọ sórí máṣíìnì.

Ọmọ Àgbàdo:
Mo ti wọ̀ ọ́, Bàbá. Mo gbé ọwọ́ sókè dáadáa, kò fà mí rárá. Mo ń gbé e lọ sórí máṣíìnì báyìí.