Àwo orí òrùlé àbí eríàlì fún màmá mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìlọrin ni mo wà, mo fẹ́ ra ohun tí màmá mi á máa fi wo tẹlifíṣọ̀n nílé ní Òmù-Àrán. Fíìmù Yorùbá àti ìròyìn ni wọ́n fẹ́. Bọ́ọ̀lù ò kàn wọ́n (èmi ni mo fẹ́ ẹ, tí mo bá lọ kí wọn). DStv ń lo àwo tó kọjú sí sátẹ́láìtì, kò síbi tí kì í dé, àmọ́ òjò ńlá máa ń dà á rú. Eríàlì ni GOtv ń lò, owó oṣù rẹ̀ sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ilé tó bá jìnnà sí òpó wọn kò lè rí i gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lágbègbè yẹn, ṣé eríàlì ń gbé àwòrán dáadáa lọ́dọ̀ yín? Àwo tí a kì í sanwó oṣù fún ńkọ́, ṣé Yorùbá orí rẹ̀ tó wò?