Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló ti rí eegun ẹja nínú òkúta rí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú àárọ̀ o. Bàbá wọn tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò ló gbé òkúta ẹfun kan wálé, ó ní òun á fi máa ti ilẹ̀kùn. Ibi tí mo ti ń fọ ẹrẹ̀ ara ẹ̀ ni mo ti rí eegun ẹ̀yìn ẹja, ó tò gbọọrọ, ìrù ẹ̀ yà sí méjì. Kò lórí. Irú ẹja wo nìyí? Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, kó sọ tiẹ̀.

Mọ́gàjí Sábó: Pánla ni mà. Ẹ rẹ ẹ́ sómi gbígbóná.

Àdùkẹ́ Ọ̀yọ́: Ejò ni jàre! Ẹ gbé e jáde kílẹ̀ tó ṣú.

Fọlá Alápàáta: Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ejò wo ló ní lẹbẹ nírù? LAUTECH ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àpáta. Ìyá Ìbejì, ẹ wo eegun yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́: tó bá jin kòtò níwájú àti lẹ́yìn, tí ìbàdí ẹ̀ wá fún bíi ti gángan, ẹja ni. Orí àti eyín la fi ń dá ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Nígbà tí kò sí, ẹ ka eegun ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wo ibi tí lẹbẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìpẹ́ ṣì kù. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Èmi, eyín àkurákudà ni mo rí ní Ewékorò nígbà tí wọ́n kó wa lọ síbẹ̀. Òkun ló wà níbẹ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Diákónì: Ìkún omi Nóà ni. Ẹ yéé ka mílíọ̀nù fún wa.

Mọ́gàjí Sábó: Ó ní lẹbẹ, ó ní ìpẹ́. Diákónì, Léfítíkù ní ká máa jẹ ẹ́ 😂

Ìyá Eléwé: Èmi náà rí ewé nínú òkúta lẹ́yìnkùlé wa ní Arọ́wọ́mọlẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀ ń ya ẹ̀ka, dúdú kirikiri.

Fọlá Alápàáta: Ìyẹn kì í ṣe ewé mà. Manganese, èròjà dúdú inú ilẹ̀, ló ń sun gba ojú sísán òkúta, á wá yà bí ewé. Ooru abẹ́ ilẹ̀ ti yọ́ àpáta Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí kó yí i padà rí, ohun alààyè kì í kù nínú irú ẹ̀.

Ìyá Eléwé: Èmi tí mò ń ta ewé látìgbà tí wọn ò tíì bí ẹ, ìwọ lo máa fi ewé hàn mí?

Fọlá Alápàáta: Ẹ má bínú mà. Ẹ ṣáà mú un wá ká wò ó.

Ṣẹ̀gun US: Ẹ̀gbọ́n mi ra ẹja inú òkúta kan níbí. Wyoming ni wọ́n ti wà á, Knightia lorúkọ ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí sáwá ni.

Àdùkẹ́ Ọ̀yọ́: Ẹ wá ń fi dọ́là ra sáwá tí kò ṣeé sè?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó lè mọ́. Ó ti ń hó yẹ́ẹ́ o.

Fọlá Alápàáta: Ẹ FI OMI ṢAN ÁN KÍÁ! Ọsàn máa jẹ òkúta ẹfun, á sì jẹ eegun náà mọ́ ọn!

Diákónì: Ìyá Eléwé, ẹ ní ewé lárà tútù?