Àpótí pàjáwìrì ajá: ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, àtohun tí kò yẹ (ìmọ̀ràn láti ìlú márùn-ún ní Ìpínlẹ̀ Kogi)

Láti Kàbà
Ibi tí àpótí náà máa wà ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ òrùlé páànù, kò sì gbọdọ̀ sùn nínú mọ́tò. Ooru oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà níbí ń ba oògùn jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára tó pé. Ike tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin ti tó.

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ni kó wà lókè pátápátá. Bí ajá bá gé èèyàn jẹ, tàbí tí ajá mìíràn gé e jẹ, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ kọ ìwọ̀n ajá ní kílò sẹ́yìn káàdì náà, torí ìwọ̀n ara ni dókítà ẹran fi ń díwọ̀n oògùn. Ẹ gbé ajá dání, ẹ gun òṣùwọ̀n, kí ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò.

Fún egbò: dírípù oníyọ̀ 500 ml méjì láti fi fọ̀ ọ́. Tí kò bá sí, omi tí a sè tó ti tutù, lítà 1, pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí tíì kan ààbọ̀ tí a gbá orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ má da spirit sójú egbò, ó ń jó ẹran ara tó fẹ́ jinná. Báńdéèjì tó ń fà mẹ́ta. Tí ìka méjì ò bá lè wọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ dì í, ó ti fún jù.

Láti Ìsánlú
Ẹ̀yin tí ajá yín ń tẹ̀ lé ọdẹ, ẹ fi pílíà tó lè gé wáyà kún un. Tí wáyà ọ̀yà bá mú ẹsẹ̀ ajá, bí ẹ bá ṣe ń fà á ló ń wọ ẹran. Ẹ kọ́kọ́ di ẹnu rẹ̀, torí ìrora ń mú ajá gé olówó rẹ̀ jẹ: báńdéèjì bíi mítà 1, ẹ yí i ká imú, ẹ gbà á lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ so ó sẹ́yìn etí. Ẹ má di ẹnu ajá tó ń bì tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ o.

Tí paramọ́lẹ̀ bá bù ú ṣán, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì gbára lé òkúta dúdú. Ẹ bọ́ ìgbànú ọrùn rẹ̀, torí ọrùn lè wú. Ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn, torí ìrìn ń mú oró tàn kálẹ̀. Aṣọ ìbora tó nípọn tí ẹni méjì lè fi gbé e yẹ kó wà nínú ẹrù yín.

Láti Mopa
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo pupa sínú àpótí náà. Mo mọ̀ pé ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn àgbà nìyẹn, ṣùgbọ́n epo kì í pa oró ọtapiapia. Ajá tó ń gbọ̀n kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo tí ẹ dà sí i lẹ́nu lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Tó bá ń dà itọ́, tó ń gbọ̀n, tí dúdú àárín ojú rẹ̀ sì kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ èyí tó bá wà lára rẹ̀, kí ẹ mú ìgò ọtapiapia náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fipá mú un bì. Paracetamol àti ibuprofen kò gbọ́dọ̀ wọ àpótí yìí rárá: májèlé ni fún ajá.

Láti Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ ra ohun ìwọ̀n ìgbóná ara tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ihò ìdí la ń kì í bọ̀, pẹ̀lú Vaseline díẹ̀. 38 sí 39.2 ló dára. Tó bá ti kọjá 40 nítorí oòrùn, omi lásán ni kí ẹ dà sí i lára, kí ẹ máa fẹ́ ẹ, kì í ṣe yìnyín.

Láti Lọ́kọ́ja
Ẹ̀yin ará etí odò, ẹ rántí omíyalé 2012 àti 2022. Okùn tó lágbára, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, omi bíi lítà 1 lójúmọ́ fún ajá 15 kg, ó lé díẹ̀ nígbà ooru. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yin àti ajá pọ̀, kí ẹ lè fi hàn pé tiyín ni tó bá sọnù. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ ti ike náà.