Ọ̀rọ̀ iná ọ́ìlì ọkọ̀ Mercedes 911 mi ti parí o

Ẹ̀yin ará, àbọ̀ rèé. Ẹ rántí pé iná ọ́ìlì típà mi, iná ìkìlọ̀ tó wà níwájú dírẹ́bà, ń tàn tí mo bá tẹná gun òkè Mọ́kọ́lá, tí ọ̀pọ̀ yín sì ní bíárìn inú ẹ́ńjìnnì ló jẹ. Àyà mi já, torí owó bíárìn kì í ṣe kékeré.

Mo yá géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára ọ́ìlì, mo dè é mọ́ ojú sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì. Bí mo ṣe ń tẹná tó, bẹ́ẹ̀ ni géèjì ń wálẹ̀, bíi pé nǹkan ń dí ọ́ìlì lọ́nà. Mo bá tú sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìnkùlé. Ẹ wá wo gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ etí sọ́ǹpù! Èyí tí mẹkáníìkì tó ṣe é kẹ́yìn lẹ̀ ní àlẹ̀jù ti já sínú asẹ́ tó ń fa ọ́ìlì, ó dí i pa. Epo dísẹ́ẹ̀lì ni mo fi fọ asẹ́ náà, mo pààrọ̀ fíltà, mo da ọ́ìlì 15W-40 sí ẹ́ńjìnnì.

Iná ò tàn mọ́. Ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ wo asẹ́, mo bú yín nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú.