Báwo ni a ṣe ń wo àwòrán tí kò jọ nǹkan kan?

Àbẹ̀wò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà. Ọ̀rọ̀ àwòrán afòyemọ̀ ni mo bá wá, àwọn èyí tí kò ní ojú, tí kò ní igi, tí kò ní ilé. Ní Tate Modern, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n máa ń kó iṣẹ́ Mark Rothko, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, sí yàrá kan: kánfáàsì (aṣọ tí wọ́n ń ya àwòrán sí) ràgàjì, pupa tó ń lọ sí dúdú, kò sí nǹkan mìíràn. Àwọn kan á jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí. Láàárín ìṣẹ́jú 1, èmi ò rí ju ọ̀dà lọ. Ẹ má kàn sọ fún mi pé ó dára. Ohun tí ojú ń ṣe gan-an ni mo fẹ́ mọ̀. Ibo ni kí n dúró sí? Kí ni kí n máa wá? Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

Aláró:
"Kí lèyí jọ?" ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, torí òun ló ń dí ojú. Bí ẹnì kan bá wọ ẹtù wá síbi ìnáwó, ta ló ń béèrè ohun tí aṣọ náà jọ? Bí aró ṣe mu ún là ń wò, bí àwọn ìlà tín-ín-rín rẹ̀ ṣe sún mọ́ra, bóyá ó wúwo lójú tàbí ó fúyẹ́. Ojú yẹn náà ni kí ẹ gbé lọ bá Rothko.

Ní ti ibi tí ẹ máa dúró, Rothko fúnra rẹ̀ dábàá nǹkan bí ínǹṣì 18, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Àwọn kan nínú kánfáàsì yẹn ga ju mítà 2 àbọ̀ lọ. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ á kúrò lójú yín, àwọ̀ nìkan ni yóò yí yín ká. Bí wọ́n bá ta okùn síwájú rẹ̀, ẹ dúró síbi okùn. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ọ̀dà rẹ̀ kò nípọn rárá. Ní 2012, ẹnì kan fi yíǹkì kọ nǹkan sára ọ̀kan nínú wọn. Yíǹkì náà wọnú ọ̀dà lọ, ó sì gbà wọ́n tó ọdún kan àbọ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe tán.

Ibi tí ìṣẹ́jú 1 yín ti já yín kulẹ̀ rèé: iná yàrá náà kì í mọ́lẹ̀ púpọ̀, Rothko ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta wọlé nílò bí ìṣẹ́jú 5 sí 10 kó tó lè ya pupa kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ẹ jókòó kí ojú yín balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Rothko máa ń po ẹyin àti gọ́ọ̀mù mọ́ ọ̀dà, kó sì kùn ún ní ìpele tín-ín-rín lórí ìpele, ìdí nìyẹn tí ibì kan fi ń dán tí ibòmíràn kò dán. Ẹ wo etí àwọn ìrísí bí àpótí tó wà nínú rẹ̀ dáadáa: ṣé ó gún bí ìlà ni, àbí ó ń yọ́ wọnú àwọ̀ kejì?

Kí ẹ wá fi Yorùbá sọ ọ́ fún ara yín. Pupa fòò ni àbí pupa rẹ́súrẹ́sú? Dúdú kirimú ni, àbí dúdú tí pupa ṣì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀? Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan wọ̀nyí, ẹni tó bá sì ń wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu á wò ó pẹ́.

Ojú_Ọnà:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Aláró lórí ìmọ́lẹ̀ àti ibi ìdúró, ṣùgbọ́n àfiwé aṣọ yẹn ní ibi tó mọ. Aṣọ tiwa ń tọ́ka sí nǹkan: òpó gbọ̀ngàn Màpó wà lára àdìrẹ Ìbàdàndùn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á fi hàn yín. Ohun tó ń la ojú jù ni kéèyàn rí bí ayàwòrán ṣe ń já nǹkan sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Rothko kọ́ ló yẹ kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá àwòrán igi 3 tí Piet Mondrian, ayàwòrán ará Netherlands, yà, kí ẹ tò wọ́n síra: igi pupa (1908 sí 1910), igi aláwọ̀ eérú (1911), igi ápù tó ń tanná (1912). Nínú ti àkọ́kọ́, igi ṣì ni igi, ẹ̀ka pupa lórí búlúù. Nínú èkejì, àwọ̀ ti lọ, ó sì kun àlàfo àárín ẹ̀ka nípọn bí ẹ̀ka fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Nígbà tí àlàfo bá ti wúwo tó ẹ̀ka, igi kì í ṣe ọ̀gá inú àwòrán mọ́. Nínú ìkẹta, àwọn ìlà tó tẹ̀ bí ọrun ló kù. Bí wọn ò bá sọ orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ò ní mọ̀ pé igi ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ lọ bá àwọn tó yà ní ọdún 1920 sí 1940, ìlà dúdú gbọnran pẹ̀lú pupa, yẹ́lò àti búlúù. Lókèèrè, á dà bí iṣẹ́ rúlà lásán. Ẹ sún mọ́ ọn: àwọn ìlà kò nípọn bákan náà, òmíràn dúró kó tó kan etí, funfun ibí kì í ṣe funfun ọ̀hún, ipa búrọ́ọ̀ṣì ń lọ sókè níbì kan, ó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbòmíràn. Ẹ di ojú kan, kí ẹ gbé àtàǹpàkò sókè bo igun pupa mọ́lẹ̀. Gbogbo àwòrán á dà bí ẹni fì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, á padà dúró.

Àbẹ̀wò:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Jackson Pollock, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ńkọ́, tí wọ́n ní ọ̀dà ló kàn dà sílẹ̀? Ṣé fóònù sì tó fún èyí?

Páálí_àti_Ọ̀dà:
Fóònù tó fún igi Mondrian. Kò tó fún Pollock. *Summertime: Number 9A* tó yà ní 1948, tó jẹ́ ti Tate, gùn ju mítà 5 àbọ̀ lọ, gíga rẹ̀ kò sì tó mítà 1. Lórí fóònù, ó ti di ọ̀já. Níwájú rẹ̀ gan-an, ńṣe ni ẹ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ ni Pollock ń tẹ́ kánfáàsì sí, tó ń fi igi tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó ti gan da ọ̀dà lé e, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ilé. Nítorí náà, ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ bí apá ṣe lọ: ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́, apá yára, ibi tó rọ́gún, apá falẹ̀. Ẹ mú ìlà dúdú 1, ẹ tọ̀ ọ́ títí yóò fi sọnù. Kí ẹ tún wo pupa, yẹ́lò àti búlúù tó wà láàárín àwọn ìlà: búrọ́ọ̀ṣì ló fi kùn wọ́n síbẹ̀, kò dà wọ́n.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ tẹ́ páálí ńlá sílẹ̀, kí ẹ fi igi tó gùn tó rúlà bu ọ̀dà dúdú. Bí ó bá ki jù, á máa já bọ́ ní kíkán. Bí ó bá ṣàn jù, á tàn ká. Ó yẹ kó máa fà bí oyin. Bí ẹ bá da àwọ̀ kejì lé e kí àkọ́kọ́ tó gbẹ, méjèèjì lè dà pọ̀ di ẹrẹ̀. Ẹni tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan á mọ ìdí tí ìlà Pollock fi ṣòroó ṣe.

Aláró:
Kí n fi díẹ̀ kún un. Àwòrán 3 ti tó lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìyẹn ojú á ti rẹ̀. Ẹ má tíì ka káàdì ara ògiri títí ẹ ó fi wò ó fún ìṣẹ́jú 5, torí bí ẹ bá ti ka orúkọ rẹ̀, orúkọ náà lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá kiri nínú rẹ̀. Ẹ mú pẹ́ńsù lọ́wọ́, kí ẹ ya ìlà àti àpótí inú rẹ̀ sórí pépà. Bí ẹ bá rí ibi tí ọwọ́ yín ò mọ ohun tó kàn, ibẹ̀ lẹ ò tíì wò. Ọ̀fẹ́ ni àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ ti Tate fúnra wọn, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló dára jù. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yá ibòmíràn ní àwọn Rothko yẹn, nítorí náà ẹ wo wẹ́ẹ̀bù wọn kí ẹ tó wọ ọkọ̀.