"Aago oko" kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ o

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo rí ohun tí àbúrò wa ará Bódìjà kọ lánàá, pé òun ti rí Yorùbá fún aago ọwọ́ méjì táwọn òyìnbó ń pè ní pilot watch àti field watch, ó ní ká máa pe àkọ́kọ́ ní "aago awakọ̀" ká sì máa pe ìkejì ní "aago oko". Ẹ̀yin mẹ́ta sì ti kí i kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi ò kí i o.

Oko! Ta ló ń wo aago lóko? Òòrùn ni bàbá tó wà lóko ń wò, tó bá ti dé àtàrí, ó mọ̀ pé ó yẹ kóun fìdí kalẹ̀ jẹun. Field tí wọ́n ń wí níbẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, ojú ogun ni. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè ló mú. Ẹ tún wá wò ó, ẹni tó bá tẹ "oko" lórí fóònù láìfi àmì sí i, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹlòmíràn máa kà, n ò ní fi ẹnu mi sọ ọ́.

"Awakọ̀" náà ò dáa. Lọ dúró sí Ìwó Road kó o ní o ń ta aago awakọ̀, àwọn oní-Micra ló máa yí ẹ ká. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká lo "atukọ̀" ṣàlàyé dáadáa pé ọmọ ìyá ni wà àti tù, a ń wà á, a ń tù ú, ohùn ìsàlẹ̀ ni méjèèjì, tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá wá tẹ̀ lé e ló ń di wa ọkọ̀, tu ọkọ̀. Mo gbà lórí ohùn. N ò gbà lórí ìtumọ̀. Àjẹ̀ ló wà lọ́wọ́ atukọ̀, ẹ má fi í sókè ọ̀run.

Kí ló tiẹ̀ ya aago méjèèjì? Ibi téèyàn wà nígbà tó ń wò ó ni. Ẹni tó ń wa bàálù ayé àtijọ́, ọwọ́ ẹ̀ dí, ó wọ ìbọ̀wọ́ nítorí òtútù, bàálù ń gbọ̀n jìgìjìgì, fìrí ló máa wo aago. Ìdí nìyẹn tí èyí táwọn ará Jámánì ṣe nígbà ogun Hítílà fi fẹ̀ tó mílímítà 55, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdí agolo mílíìkì, kókó tí wọ́n fi ń wáìn ẹ̀ tóbi kí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ lè rí i dì mú, okùn aláwọ ẹ̀ gùn kó lè ká orí apá jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá ya àmì onígun mẹ́ta pẹ̀lú àmì róbótó kékeré méjì síbi tó yẹ kí 12 wà, kí ojú lè mọ òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tún fi irin bo ẹ̀rọ inú ẹ̀ kí òòfà má baà dà á láàmú.

Ti sójà ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń rákò nínú ẹrẹ̀, aago ẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré kó má máa há sí nǹkan, kò sì gbọdọ̀ máa kọ mọ̀nà kí ọ̀tá má rí i. A-11, aago kan táwọn ológun Amẹ́ríkà lò nígbà ogun yẹn, nǹkan bíi mílímítà 32 péré ni, ojú dúdú, nọ́ńbà funfun, tí wọ́n bá fa kókó ẹ̀ síta, ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá á dúró gbọin, kí gbogbo wọn lè ṣe aago wọn bákan náà kí wọ́n tó gbéra. (Ìṣẹ́jú àáyá! Ẹni tó ṣẹ̀dá ìyẹn, ojú ẹranko ló wò.)

Ẹni tó ní bàálù kì í ṣe Yorùbá, ká má lò ó, mo ní ìbéèrè fún un. Ọdún 1904 ni iléeṣẹ́ Cartier ṣe aago ọwọ́ fún Santos-Dumont, ọmọ Bùràsíìlì tó ń fò ní Paris, torí kò rọrùn fún un láti máa fa aago yọ lápò lókè. Kí ló ń wà nígbà yẹn? Bàálù gidi ni, balloon táwọn òyìnbó ń wí, èyí tí wọ́n ń rọ gáàsì sí, ọdún 1906 ni èyí tó lápá tó gbéra. Aago awabàálù ni tèmi, ó parí.

Ti ìkejì ló le. Ẹnì kan ní "aago pápá", àbí pápákọ̀ òfurufú kọ́ la ń pe ti Alákíà? Aago sójà lẹ tún gbé fún awabàálù yẹn. Èmi ti fẹ́ mú "aago ẹlẹ́sẹ̀" wá, torí Bíbélì ń pe ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi ní kí n dákẹ́, pé lẹ́nu àwa ará Ìbàdàn tá ò pe ṣ, ta ló máa mọ̀ bóyá aago ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni tàbí aago ẹni tó dẹ́ṣẹ̀.

Bàbá mi, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀, "aago sójà" ló ń pè é, kò bi ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Wọ́n ní ọ̀kan tí àbúrò wọn tó ja ogun Bọ́ma fi lé wọn lọ́wọ́, bó ṣe dé ọwọ́ tiẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Tí wọ́n bá ṣí gíláàsì kékeré tí wọ́n ń há sójú, wọ́n á ní kí n wá wo ẹ̀yìn ẹ̀, orí ọfà kan wà níbẹ̀, W mẹ́ta sì tẹ̀ lé e. Ọmọ mi rí i, ó ní ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ti wà nígbà yẹn ni. Mo ní rárá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ni ọfà, W mẹ́ta yẹn ń sọ pé aago ni, ti ọrùn ọwọ́ ni, omi ò sì lè wọ̀ ọ́. Iléeṣẹ́ méjìlá ní Switzerland ló ṣe irú ẹ̀ fún wọn, ní nǹkan bí 1945.

Ẹ̀gbọ́n atukọ̀, mo mọ̀ pé ẹ máa fèsì, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ẹ ti ń kọ́ èdè kí wọ́n tó bí mi.

Aago yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ó ti dákẹ́ láti ìgbà tí bàbá ti lọ. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ṣì ń tún irú ẹ̀ ṣe n'Ìbàdàn, kó jọ̀ọ́ kó júwe ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fún mi.